Kí Ló Dé Tí À Ń Di Aláìsàn Wa Sínú Ọkọ̀ Alẹ́?

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ń gbé Kàlàbá ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ èmi náà wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, orí ọmọ ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa dàrú. Kò sùn mọ́, ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ń lé oníbàárà kúrò ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọjà Watt. Ẹgbẹ́ dá owó. Mo dá tèmi. Wọ́n fi okùn di ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fi àǹkárá bò ó kí èrò ọkọ̀ má baà rí i, ó di ilé baba kan tí ń tọ́jú wèrè nílẹ̀ Yorùbá. Oṣù mẹ́jọ ló lò nínú ààbà. Ó padà dé pẹ̀lú àpá irin ní ọrùn ẹsẹ̀, kò sì pé ọdún tí àìsàn náà tún dé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìlú tí a ti gbé e kúrò yìí gan-an ni ìjọba ti kọ́kọ́ kọ́ ilé wèrè ní Nàìjíríà. Ti Kàlàbá ti wà kí ti Yábàá tó ṣílẹ̀kùn ní 1907. Lóòótọ́, àtìmọ́lé lásán ni nígbà náà, kì í ṣe ibi ìwòsàn. Òfin 1916 fún adájọ́ májísíréètì lágbára láti kéde ènìyàn ní aṣiwèrè, kí wọ́n sì lọ tì í mọ́lé. Ẹni tó bá ní ẹbí nítòsí, òyìnbó a fẹ́ kí ẹbí rẹ̀ máa mú un lọ. Ta ló wá ń kún inú ilé náà? Ẹni tí ń rìn kiri ìgboro láìní ará. Àwọn àjòjì bíi tiwa wà lára wọn.

Abẹ́òkúta ni ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1944, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Lántòrò di ibi tí wọ́n ń kó aláìsàn ọpọlọ sí, títí kan àwọn ọmọ ogun tó ti ogun Hítílà bọ̀. Nígbà tó di 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò gbé tirẹ̀ dé ní Aro. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹbí kan ní láti bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó sì máa tẹ̀ lé e lọ gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra. Gbogbo ayé ló wá wò ó.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan yóò sọ: tí Lámbò bá gbà pé ẹbí ń wo ni sàn, kí ló burú nínú gbígbé ọmọ lọ sílé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹbí ta ni? Kàlàbá ni wọ́n bí ọmọ yìí sí. Ìyá rẹ̀ wà níbí, àbúrò rẹ̀ wà níbí. Kò mọ ẹnì kankan níbi tí a gbé e lọ. Ká má tan ara wa, ìtìjú là ń gbé sá. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ.

Òfin àtijọ́ náà, tí wọ́n tún tẹ̀ sínú ìwé òfin 1958, la ń lò títí di oṣù kìíní 2023 tí ààrẹ fọwọ́ sí tuntun. Àbá ọdún 2003 àti ti 2013 ti kùnà. Òfin tuntun ní a kò gbọdọ̀ fi dídè jẹ aláìsàn níyà, a kò sì gbọdọ̀ tìtorí àìsàn yìí fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ṣùgbọ́n òfin kò sí ní ibùdókọ̀ lóru. Àwa la wà níbẹ̀.

Lóṣooṣù báyìí, ọmọ náà ń gba oògùn ní ilé ìwòsàn níbí, ó sì ti padà sí ìsọ̀. Ìṣòro tó kù ni pé ìyá rẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kò gbọ́ Yorùbá. N ó dá a lábàá ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ pé kí owó ọkọ̀ tí à ń dá di owó oògùn, kí ẹgbẹ́ sì yan ẹni méjì tí yóò máa bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbọ́ Efik dáadáa, kó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé.