Ẹni Tí Ogun Lé Wá sí Bàrígà, Ta Ló Ń Kà Á?

Ọ̀rọ̀ ìjọba la bá wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin.

Ní 2012, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Kampala, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní 2009 nítorí àwọn tí ogun lé kúrò nílé ṣùgbọ́n tí wọn ò kúrò nínú orílẹ̀-èdè wọn. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ ṣe ètò tiwa. Ọ̀nà mẹ́ta ló là sílẹ̀: kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n máa gbé níbi tí wọ́n sá wá, tàbí kí wọ́n lọ tẹ̀dó síbòmíràn. Ètò yẹn dára. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dárúkọ wọn, àgọ́ Maiduguri àti Benue nìkan lojú gbogbo ayé ń lọ.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹbí àti ará ìlú wọn ni ọ̀pọ̀ ń sá lọ. Nígbà tí ìjà Ìlàjẹ àti Ijaw Àrógbò bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1998, àwọn tó ní ẹbí l'Ékòó sá wá síbí. Ẹni tó sá wá sọ́dọ̀ ẹbí kì í sí nínú ìwé àgọ́ kankan. Ó kàn há sí yàrá kan pẹ̀lú èèyàn mẹ́fà ni.

Ó fẹ́ mú ọmọ lọ sílé ìwé, wọ́n ní kó mú èsì ìdánwò wá, èyí tó ti jóná mọ́lé. Ó fẹ́ gba yàrá, lánlọ́ọ̀dù ní owó ọdún méjì, nígbà tí òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kí wọ́n má gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, a ò mọ ẹni tó ń wọlé o, ọ̀daràn lè wà nínú wọn." Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ ká kà wọ́n! Ẹni tórúkọ ẹ̀ wà ní káńsù la mọ̀. Ẹni tí kò sí nínú ìwé la ò mọ̀.

Torí náà, ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí káńsù Ṣómólú àti ti Bàrígà ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún wọn. Kí ilé ìwé dán ọmọ wò, kí wọ́n fi í sí kíláàsì tó yẹ. Kí àwọn onítẹ̀wé wa ní Ṣómólú gbà wọ́n síṣẹ́. Ẹ̀yin ìjọ Ọlọ́run, àpò ìrẹsì lóṣù Kejìlá ò tó. Ẹ dúró fún wọn lọ́dọ̀ lánlọ́ọ̀dù.

Nínú 1 Sámúẹ́lì 22, ihò Ádúlámù ni Dáfídì sá sí, nílẹ̀ baba ẹ̀. Ẹni tó máa jọba ni o! Tí irú wọn bá wà ládùúgbò yín, ẹ mú wọn lọ bá alága CDA yín lọ́sẹ̀ yìí. Olúwa ò ní jẹ́ ká sá nílé wa. Àmín.