HR àti Fọ́ọ̀mù 8

Àwa tí a ti ṣe IT olóṣù 6 mọ ìyà yìí: ọjọ́ tí a bá gbé Fọ́ọ̀mù 8 dé ọ̀dọ̀ HR ni ọ̀gá tó ní òǹtẹ̀ kì í sí nílé. Láti 1973 ni SIWES ti wà. Fọ́ọ̀mù ITF kò ṣàjèjì sí wọn. Láìsí i, owó ìrànwọ́ di àwátì.

Ilé iṣẹ́ ló gba HR síṣẹ́, kì í ṣe àwa. Ẹ̀bẹ̀ ẹnu lásán kò tó. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi déètì sí i, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín. (A ò ní kẹ́ ẹ bá wọn jà o.) Tí wọ́n bá ṣì ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, ẹ gbé ẹ̀dà yẹn lọ sí ọ́fíìsì SIWES iléèwé yín, kí IT tó parí.