Àwọn Àjọ Tí Ìjọba Fẹ́ Dín Kù: Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Náà?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ wa láti ọjọ́ pípẹ́ wá, èyíinì ni pé àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ ti pọ̀ jù. Pé iṣẹ́ tí àjọ kan lè ṣe ni mẹ́ta ń ṣe, àti pé owó tí ó yẹ kí a fi la ọ̀nà ni a fi ń ra ọkọ̀ fún àwọn ọ̀gá. Kò sí ẹni tí ó jiyàn èyí, àwa pẹ̀lú kò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tí a ń rà tí a ń tà, àwa tí a ń gbé ìgboro, wádìí ọ̀ràn náà dé ìdí, nítorí bí a bá ń gé igi ńlá, kì í ṣe ẹni tí ó di àáké mú nìkan ni igi lè wó lù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan yan ìgbìmọ̀ kan, ó sì fi Ọ̀gbẹ́ni Stephen Oronsaye, ẹni tí ó ti jẹ́ olórí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rí, ṣe alága rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012 ni wọ́n gbé àbọ̀ wọn wá, ìwé tí ó tó 800 ojú ewé. Wọ́n ka àwọn àjọ ìjọba, wọ́n bá 541. Wọ́n ní kí a pa 38 rẹ́ pátápátá, kí a da 52 pọ̀ mọ́ ara wọn, kí 14 sì padà di ẹ̀ka lásán lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó bí wọn. Nígbà tí ó di ọdún 2014, ìjọba kan náà tí ó rán wọn níṣẹ́ tẹ ìwé ìpinnu tirẹ̀ jáde, ó sì kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ràn wọn. Ní ọdún 2021, ìjọba Ààrẹ Buhari tún yan àwọn mìíràn kí wọ́n wá yẹ ìwé náà wò. Ẹ kíyè sí i: ìgbìmọ̀ ni a yàn, kí ó wá wo ohun tí ìgbìmọ̀ wí nípa àpọ̀jù ìgbìmọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ó rín.

Ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2024 ni ìjọba Ààrẹ Tinubu wí pé àkókò tó. Wọ́n ní àjọ 29 ni a ó dà pọ̀ mọ́ òmíràn, 8 yóò wọ inú àjọ tí ó jù wọ́n lọ, a ó kó 4 kúrò lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, ẹyọ kan ṣoṣo ni a ó sì pa rẹ́. Ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n dá fún iṣẹ́ náà. Lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni Radio Nigeria àti Voice of Nigeria tí ń bá àwọn ará òkèèrè sọ̀rọ̀, tí wọ́n ní kí ó di ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo.  Ní Ìbàdàn, Dùgbẹ̀ ni Radio Nigeria wà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìlú náà mọ̀ pé ilé náà kì í ṣe ilé òfìfo.

Ọ̀sẹ̀ 12 náà pé, ó kọjá, iṣẹ́ kò parí. Kò yà wá lẹ́nu. Ìdí kìíní ni pé òfin ni ó dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ àjọ wọ̀nyí sílẹ̀, ohun tí òfin sì dá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu Ààrẹ àti àwọn mínísítà rẹ̀ kò lè pa á rẹ́. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni yóò yí òfin padà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí kejì ni pé àwọn tí a fi iṣẹ́ gígé yìí lé lọ́wọ́ ni àwọn tí a fẹ́ gé. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Akọ̀wé àgbà wo ni yóò jókòó kọ ọ́ sínú fáìlì pé ilé-iṣẹ́ òun kò wúlò?

Bí ọwọ́ kan sì ti ń wó, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń kọ́. Ní oṣù keje ọdún 2024 kan náà, a dá ilé-iṣẹ́ ìjọba tuntun sílẹ̀ fún ọ̀ràn ẹran ọ̀sìn, a sì fọwọ́ sí òfin tí ó dá àjọ ìdàgbàsókè sílẹ̀ fún apá Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn àti fún Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Kí a má bàa ṣe àbòsí, ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni a pa ilé-iṣẹ́ ọ̀ràn Niger Delta àti ti eré ìdárayá rẹ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tuntun fún ìdàgbàsókè àwọn ẹkùn ni a fi rọ́pò ti Niger Delta lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti owó, nítorí òun ni ẹnu gbogbo ènìyàn ń wí. Ìgbìmọ̀ Oronsaye ṣírò pé láti 2012 dé 2015, owó tí ó lé ní 862 bílíọ̀nù náírà ni a lè fi pamọ́. Iye yìí ni gbogbo ìwé ìròyìn ń pè, àwọn òǹkàwé sì rò pé láti ara àwọn àjọ tí a ó pa rẹ́ ni yóò ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìṣirò wọn, àwọn àjọ tí a ó pa rẹ́ kò mú ju nǹkan bí 124.8 bílíọ̀nù wá, àwọn tí a ó dà pọ̀ mú nǹkan bí 100.6 bílíọ̀nù. Ibo ni ìyókù wà? Nǹkan bí 489.9 bílíọ̀nù ni wọ́n kà sí ọrùn àwọn yunifásítì, ti àwọn polí àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí a ń pè ní owó àjọ, ó ju ìdajì lọ tí ó jẹ́ owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ní ọmọ ní yunifásítì kí ó tún gbólóhùn yìí kà.

Ìjọba tún wí ní ọdún 2024 pé kì í ṣe pé a fẹ́ lé òṣìṣẹ́ sí ìgboro. Inú wa dùn láti gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n àwa tí a ti fi ọwọ́ kan ìwé owó oṣù rí mọ̀ pé bí akọ̀wé kò bá lọ, owó oṣù rẹ̀ kò lọ. Ohun tí a ó rí fi pamọ́ ni owó oṣù ọ̀gá àgbà kan, àjẹmọ́nú àwọn ìgbìmọ̀ alákòóso rẹ̀, ọkọ̀ wọn, epo jẹnẹrétọ̀, àti owó ilé tí a ń háyà ní Àbújá. Kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí a ń pariwo rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀kan nínú méjì ni: bóyá owó tí a ó fi pamọ́ kò tó bí a ti wí, bóyá òṣìṣẹ́ ni yóò lọ nígbẹ̀yìn.

Bí òṣìṣẹ́ yóò bá sì lọ, a ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1975, lẹ́yìn tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed gba ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó lé ní 10,000 ni a lé tàbí tí a fipá fẹ̀yìn wọn tì láàárín oṣù mélòó kan. Àwọn ará ìlú pàtẹ́wọ́, nítorí àwọn olè wà nínú wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a kò fara balẹ̀ ya olè sọ́tọ̀ kúrò lára olóòótọ́. Ní èrò tiwa, ẹ̀kọ́ tí àwọn tí ó ṣẹ́kù kọ́ kì í ṣe pé kí wọ́n má jalè. Wọ́n kọ́ pé iṣẹ́ ọba tí bàbá wọn gbọ́kàn lé lè parí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nípa ìkéde rédíò, nítorí náà kí oníkálukú tètè wá ti ara rẹ̀. Àwọn oníṣòwò mọ apá kejì ọ̀ràn náà. Ìyá tí ń ta ìrẹsì àti èlùbọ́ lẹ́bàá ọ́fíìsì, àwìn ni ó ń tà láti ọ̀sẹ̀ kejì títí di ìparí oṣù. Bí ọ́fíìsì náà bá kó lọ, orúkọ àwọn ajẹgbèsè nìkan ni yóò kù fún un nínú ìwé.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní ariwo, a kò sì mọ ìdí tí a kò fi kọ́kọ́ tọ̀ ọ́. Ní ọdún 2016, ìjọba wí pé òun ti yọ orúkọ tí ó lé ní 23,000 kúrò nínú ìwé owó oṣù, àwọn ayédèrú òṣìṣẹ́ tí wọn kò sí níbì kan. Owó ni a rí fi pamọ́ níbẹ̀, kò sì sí ilé tí ó sunkún.

Èyí tí ó ká wa lára jù ni àjọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí a pa rẹ́ ní ọdún 2024. PTAD ni, àjọ tí ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn àgbààgbà tí ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò àtijọ́, àwọn tí kò dá owó tiwọn sí àpótí bí ti òde òní. Wọ́n ní kí iṣẹ́ rẹ̀ padà sí ilé-iṣẹ́ ìṣúná. Báwo ni a ti ṣe dá a sílẹ̀? Kí ó tó dé ní ọdún 2013, ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì tú káàkiri: ti ọlọ́pàá lọ́tọ̀, ti àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù àti ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́tọ̀, ti àwọn akọ̀wé ìjọba lọ́tọ̀. Inú wọn ni olè pọ̀ sí. Ní oṣù kìíní ọdún 2013 kan náà ni ilé-ẹjọ́ ní Àbújá ní kí ọkùnrin kan tí ó jẹ́wọ́ pé òun bá wọn kó bílíọ̀nù náírà owó àwọn ọlọ́pàá tí ó ti fẹ̀yìn tì san 750,000 náírà, kí ó máa lọ sí ilé rẹ̀. PTAD ni a fi kó àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyí jọ sí abẹ́ òrùlé kan. Àjọ tí ó jẹ́ èso ìdàpọ̀ gan-an ni a wá fẹ́ pa rẹ́ nítorí ìdàpọ̀!

Lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ 12 kọjá, àjọ náà ṣì ń san owó. Bí àwọn aṣòfin bá ṣe tán láti tì í, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ wọn kò ju èyí lọ: kí wọ́n sọ fún wa, kí kọ́kọ́rọ́ tó yí, ta ni yóò gba ìwé orúkọ àwọn àgbààgbà náà, níbo ni bàbá tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún yóò ti lọ fi ara rẹ̀ hàn pé òun ṣì wà láàyè, àti oṣù mélòó ni yóò kọjá láàárín owó tí PTAD san kẹ́yìn àti èyí tí ilé-iṣẹ́ ìṣúná yóò kọ́kọ́ san.