Ọkọ̀ Wa Nígbà Ìṣòro: Ṣé Ká Tà Á Ni, Tàbí Ká Fi Ta Ẹnì Kan Lọ́rẹ?

 

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni a fẹ́ sọ lónìí. Ọkọ̀ onígi ni mò ń wí, èyí tí à ń fi àjẹ̀ wà, tí à ń fi ọ̀pá tì níbi tí omi kò bá jìn. Ará Kétu tàbí ará Ṣábẹ̀ẹ́ lè sọ pé: «Kò sí ọ̀sà ní ìlú wa, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá.» Ẹ fara balẹ̀. Bí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́, tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ohun tí a fi ń jẹun ni à ń sọ.

Ní etí ọ̀sà Àjàṣẹ́, ní Aguégués, àti ní gbogbo ẹ̀bá odò Wẹ́mẹ̀, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń pẹja. Ọkọ̀ ni àwọn ìyá fi ń kó ẹrù lọ sí ọjà.  Nígbà tí omi bá kún, ọkọ̀ náà ni ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, òun ni ó ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn.

Nígbà tí ìṣòro bá wọlé, ojú ẹni tó ni ín á kọ́kọ́ lọ sórí ọkọ̀. Àìsàn dé. Owó ilé ìwé dé. Olówó ń kan ilẹ̀kùn. Kí ni ó wà nílé tí a lè sọ di owó? Ọkọ̀ ni.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn á ti pọ̀. Ẹnì kan á ní: «Tà á kíá, kí o sinmi.» Ẹlòmíràn á ní: «Má tà á, ohun ìní ni. Fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ó mọ omi, kò ní gbàgbé rẹ.» Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, kò sí ẹni tó mú bébà nínú wọn láti ṣírò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bùn, nítorí òun ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Èrò tèmi ni pé ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ kò ní ọkọ̀ tí yóò fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Bí ó bá fún ẹnì kan, okùn wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀bùn náà. Ó ń fún un lẹ́nu, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń retí ẹja. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹja dé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹja dé, ó kéré. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹja kò dé mọ́. Ẹni tó fúnni á ní: «Ọkọ̀ mi ni.» Ẹni tó gbà á á ní: «Ẹ ti fún mi, ará abúlé gbọ́.» Àwọn méjèèjì kò purọ́. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ní ọjọ́ tí wọ́n fa ọkọ̀ fún ara wọn. Ìbátan á bàjẹ́, gbèsè á sì wà níbi tí ó wà.

Ó dáa, ṣé ká tà á nìyẹn? Ẹ mú bébà àti lẹ́ẹ̀dì. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣírò pọ̀.

Ọkọ̀ kan ń jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ oúnjẹ àwọn atukọ̀ àti owó àtúnṣe àwọ̀n, ó ń ku 1 500 fàráǹ lójúmọ́ tí ó bá jáde. 1 500 lọ́nà 4 jẹ́ 6 000 lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 4 jẹ́ 24 000. Ẹnì kan wá, ó ní òun yóò ra ọkọ̀ náà ní 120 000. Owó ńlá ni lójú. Ṣùgbọ́n ẹ fi 24 000 pín 120 000. Ó jẹ́ 5. Ìyẹn ni pé ohun tí ọkọ̀ yóò mú wá ní oṣù 5 ni ẹni náà fẹ́ fi gba ọkọ̀ tí ó lè lò fún ọdún púpọ̀.

Gbèsè ilé náà jẹ́ 70 000. Bí bàbá bá ta ọkọ̀, yóò san gbèsè, yóò ku 50 000. Nínú owó ọkọ̀, ilé ń jẹ 14 000 lóṣù. Oko àti ọjà ìyàwó ló ń gbé ìyókù. 50 000 yóò bọ́ ilé fún oṣù 3 àti díẹ̀. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Kò sí gbèsè, òótọ́ ni. Kò sí ọkọ̀ pẹ̀lú. Bàbá á di ẹni tí ń bẹ ọlọ́kọ̀ pé kí ó gba òun ṣiṣẹ́.

Bí kò bá tà á, ilé jẹ 14 000, ó ku 10 000 fún gbèsè lóṣooṣù. 70 000 á tán ní oṣù 7. Bí olówó bá gbà láìfi èlé kún un, mo ní kí bàbá má ta ọkọ̀. Bí olówó bá ń gba èlé 5 000 lóṣù, 5 000 péré ni yóò máa dín gbèsè kù, yóò sì gba oṣù 14. Ó pẹ́, ó ń rẹni, síbẹ̀ mo ní kí ó má tà á, bí ọkọ̀ bá ṣì le tí apá sì ṣì le. Ṣùgbọ́n bí èlé bá jẹ́ 10 000 lóṣù ńkọ́? Gbogbo ohun tí ó kù nínú owó ọkọ̀ á máa lọ sínú èlé, gbèsè ò sì ní dín kù títí láé. Nígbà náà, olówó ti gba ọkọ̀ náà, àjẹ̀ nìkan ni ó fi sílẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ tà á kíá, kí ẹ san owó náà tán.

Kí olúkúlùkù fi iye tirẹ̀ dípò iye tèmi. Ilé kan kò jọ ilé kan.

Kí ẹ tó ta ara ọkọ̀, ẹ wo ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wà ní ìdí ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ ta ẹ̀rọ. Láti ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, epo kpayo tí ń wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn ti gbówó lórí. Ẹ̀rọ tí ń jẹ epo lójoojúmọ́ tí kò sì mú ẹja púpọ̀ wá ju ti àjẹ̀ lọ, kí ni ó ń ṣe nídìí ọkọ̀? Àwọn ọ̀dọ́ kò ní fẹ́ gbọ́ èyí. Ìró ẹ̀rọ dùn létí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ gbèsè, kí ó padà sí àjẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ wo àsìkò pẹ̀lú. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, omi Wẹ́mẹ̀ máa ń kún, gbogbo ènìyàn ń wá ọkọ̀. Nígbà tí omi bá ti fà, tí ọkọ̀ púpọ̀ jókòó sórí ẹrọ̀fọ̀, ẹni tí ó bá gbé tirẹ̀ wá tà nígbà náà, ohun tí wọ́n bá fún un ni yóò gbà. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàárín omi ní tirẹ̀, kí ó ro ó dáadáa kí ó tó tà á lásìkò ìkún omi. Ẹ rántí ọdún 2010. Ìkún omi ọdún náà dé kòmúùnù 55 nínú 77 tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, owó inú àpò kò lè gbé ọmọ kúrò lórí òrùlé.

Owó pàápàá ń jẹrà. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó sẹ́fà kù sí ìdajì. Kó tó di ọjọ́ náà, 50 fàráǹ tiwa ni fàráǹ kan ti Faransé. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 100. Ẹni tí ó ta ọkọ̀ ní ìparí ọdún 1993, tí ó di owó rẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹní, ó jí ní ọjọ́ kan, ó rí i pé àwọ̀n ọ̀rá àti ẹ̀rọ tí ń ti òkèèrè wá ti fò lọ sókè ju apá rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tirẹ̀ tí ó tà, igi ni, kò yí padà. Nítorí náà, bí ẹ bá tà á, kí iṣẹ́ owó náà ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbà á.

Mo mọ̀ pé ọkọ̀ kan wà tí kò sí ẹni tí yóò wà á mọ́. Bàbá ti darúgbó, àwọn ọmọ wà ní Kútọnu tàbí ní Èkó. Ọkọ̀ tí ó jókòó sínú oòrùn á gbẹ, á là. Nǹkan kò yẹ kí ó jẹrà lásán. Bí gbèsè bá wà, ẹ tà á fún ọ̀dọ́ kan, kí ó san án díẹ̀díẹ̀. Ó sàn ju ẹ̀bùn lọ: ọ̀dọ́ náà á mọ̀ pé tòun ni ọkọ̀, bàbá á sì máa rí owó. Tàbí kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́, kí ó máa gba ìpín tirẹ̀ nínú ẹja, bí ọ̀pọ̀ apẹja ti ń ṣe: ìpín kan fún ọkọ̀, ìpín kan fún àwọ̀n, ìpín kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí ó ta agbára.

Bí gbèsè kò bá sí, tí ebi kò sì pa ilé, ẹ fúnni nígbà náà, kí ẹ sì fúnni tán. Ẹ lè fi fún abúlé láti máa gbé àwọn ọmọ àti àwọn aláìsàn nígbà ìkún omi. Ó dára púpọ̀. Kí ẹ kàn bi wọ́n léèrè ní ọjọ́ náà: ta ni yóò máa dí ojú ihò rẹ̀? Ta ni yóò máa so ó mọ́lẹ̀ lálẹ́? Bí kò bá sí ẹnì kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ náà á rì kí ọdún tó yí po.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ó sì le. Ọkọ̀ tí bàbá kú fi sílẹ̀ kì í ṣe ti àkọ́bí nìkan. Ìyàwó olóògbé tí ń fi kó ẹrù lọ sọ́jà, ẹ pè é. Àwọn àbúrò, ẹ pè wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ ń lọ ni wọn yóò mọ̀ pé a ti tà á.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

«Lónìí, ọjọ́ … oṣù … ọdún …, èmi … ará abúlé … ta ọkọ̀ onígi mi kan fún … ní 120 000 fàráǹ. Ó san 60 000 lónìí. Yóò máa san 10 000 lóṣooṣù fún oṣù 6. Àjẹ̀ méjì bá ọkọ̀ lọ. Àwọ̀n kò bá a lọ. Àwọn ẹlẹ́rìí ni … àti …»

Ẹ kọ bébà méjì, kí ẹni kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Ẹni tí kò tíì mọ ìwé kọ, kí ó tẹ ìka, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn ka ọ̀rọ̀ náà sókè fún un kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ̀ bá sì fọ́ kí owó tó pé, ta ni àdánù náà yóò jẹ́ tirẹ̀? Ẹ jọ sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì fi í kún bébà kí ẹ tó tú okùn ọkọ̀.