Ẹ Ya Àwòrán Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ wa nínú ọgbà yìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ fi òwe náà sọ lónìí, ṣùgbọ́n kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Ẹ ó rántí alẹ́ àṣà ẹgbẹ́ wa ní sáà tó kọjá. Àwọn kan ti san owó ẹgbẹ́, síbẹ̀ wọ́n dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà pé orúkọ wọn kò sí nínú ìwé. Àwọn mìíràn fi ìbínú padà sí yàrá láìfẹnu kan iyán. Ẹ má bú akápò mọ́, àwa la jẹ̀bi. Nọ́ńbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti kọjá 999, nítorí náà a yí ìlà kan ṣoṣo padà nínú ètò tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa kọ sílẹ̀, kí nọ́ńbà lè gùn sí i. A kò mọ̀ pé ìwé orúkọ ẹnu ọ̀nà gbára lé nọ́ńbà náà, àti pé ẹyọ mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ló ń kà.

Lọ́jọ́ kejì, a ya gbogbo ètò náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Apá kọ̀ọ̀kan di àpótí. A fa ọfà láti ara apá tó gbára lé òmíràn lọ sí ara èyí tó gbára lé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a rí ọfà mẹ́ta tó forí sọ àpótí nọ́ńbà: ìwé ẹnu ọ̀nà, rìsíìtì, àti ìwé orúkọ olùdìbò. Ìbò ẹgbẹ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré nígbà náà!

Ohun tó ṣe wá ti ṣe àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí orúkọ ètò kan, Azer Koçulu kó àwọn ètò rẹ̀ kúrò lórí npm, níbi tí àwọn tó ń fi JavaScript ṣiṣẹ́ ti ń mú ètò ara wọn lò. Ọ̀kan nínú wọn ni left-pad, ìlà 11 péré, tó kàn ń fi àlàfo kún iwájú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Babel gbára lé e nípasẹ̀ àwọn ètò mìíràn, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sì gbára lé Babel. Iṣẹ́ dàrú káàkiri ayé fún bíi wákàtí méjì àbọ̀ kí npm tó dá a padà.

Àwọn kan ń sọ pé àwòrán ètò ńlá a máa rí jágbajàgba. Òótọ́ ni, bí a bá ya gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ ya àwọn apá ńlá, kí ẹ tó ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ wá àpótí tí ọfà pọ̀ sí jù, kí ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ wá ọfà tó yípo padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí irú àwọn apá bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tú kúrò lára ara wọn.

Wọ́n tún ní àwòrán kì í pẹ́ gbó. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa yà á nígbà gbogbo láti inú ètò fúnra rẹ̀. Graphviz, tó ti AT&T ní Amẹ́ríkà wá, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ ẹni tó gbára lé ẹni fún un, yóò to àpótí àti ọfà fúnra rẹ̀, láìlo íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó yẹ kí èyí yé àwa tí wọ́n bí sí òkè Ọya. Bí a bá fẹ́ lọ sílé fún ọdún, ìyá wa a kọ́kọ́ jókòó tì wá, a ní lágbájá ló bí làkáṣègbè, kí a má baà ṣìsọ láàárín ẹbí.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yìí ṣe é lófin: kí ẹnikẹ́ni má fi ètò lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìsí àwòrán rẹ̀. Tiwa ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn akọ̀wé. Ẹ̀yin tí ebi pa lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ forí jì wá.