Ẹ Jẹ́ Ká Ka Ẹyẹ Wa Kí Wọ́n Tó Tán

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ìdáàbòbò ẹyẹ rí. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni apá kan, ará ìlú ni apá kejì.

Ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Shiiwua Manu, ti ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis ní Jos. Ilẹ̀ Yorùbá níbí ló ti wá ṣèwádìí lórí ìbátan ẹ̀gà kan, aláwọ̀ dúdú àti pupa, tí wọ́n fi orúkọ Ìbàdàn sọ, tí kò sì sí níbòmíràn lágbàáyé. Ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005 dá lórí ohun tí gígé igbó sí wẹ́wẹ́ ń ṣe fún ẹyẹ náà. Ṣùgbọ́n irú ẹyẹ tó wà ní Nàìjíríà lé ní 900. Ta ló lè dá gbogbo wọn kà?

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ṣe gbójú lé àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bíi kìlómítà 9. Olùyọ̀ǹda a lo wákàtí 2, ó kéré tán, níbẹ̀, a sì kọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí tàbí tó gbọ́ ohùn rẹ̀ sórí fóònù.

Èrò tèmi ni pé ẹ̀yin àgbà ni iṣẹ́ yìí nílò jù. Apẹja tó ń tu ọkọ̀ lójú ọ̀sà ní Bàrígà, l'Ékòó níbí, mọ ẹyẹ tó ń bá a du ẹja. Àgbẹ̀ mọ ẹ̀gà tó ń jẹ àgbàdo rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ rántí ìgbà tí igún ń bà sórí ààtàn. Ní 2015, wọ́n ka igún mọ́ ẹyẹ tó sún mọ́ ìparun jù lọ. Ní 2016, odídẹrẹ́ tí a fi ń ki Ìwó náà wọ ẹgbẹ́ àwọn tó wà nínú ewu.

Ẹnìkan lè ní ebi ló ń pa wá, kí la fẹ́ fi ẹyẹ ṣe? Ní Íńdíà, nígbà tí igún fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán nítorí oògùn tí wọ́n ń fún màlúù, ajá ìgboro ló pọ̀ sí i nídìí òkú ẹran. Ọmọ aráyé ló sì jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn onímọ̀ wa kí wọ́n fi orúkọ Yorùbá àti àwòrán ẹyẹ sínú ìwé pélébé. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú kò jìnnà, iṣẹ́ wọn ni. Kí àwọn ilé-ìwé Bàrígà àti ti abúlé gbà á, kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti bàbá àti ìyá àgbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ ẹyẹ, ẹ pè é. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó pẹ́ jù.