Ẹ Má Lé Àgbà Kúrò ní Òtẹ́ẹ̀lì

Ọ̀pọ̀ ìkéde iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní orílẹ̀-èdè wa ló máa ń sọ pé ẹni tó ń wá iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju ẹni 30 ọdún lọ. Àwọn kan láàrin wa sì ń pàtẹ́wọ́ sí i. Wọ́n ní kí àgbà lọ sinmi, kí ọ̀dọ́ lè ríṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àgbà kò yá mọ́, àti pé àgbà kò lè kọ́ kọ̀ǹpútà.

Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà. Ní 1986, ilé iṣẹ́ Days Inns, tó ní òtẹ́ẹ̀lì káàkiri ilẹ̀ náà, kò rí ọ̀dọ́ tó ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dáhùn tẹlifóònù àwọn tó fẹ́ gba yàrá. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ẹni 50 ọdún sókè. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ iṣẹ́ wọn wò, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1991, ohun mẹ́ta ló hàn. Èkíní, ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀dọ́ fi kọ́ kọ̀ǹpútà náà ni àgbà fi kọ́ ọ. Èkejì, ọ̀dọ́ ń lo bí ọdún kan kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, àgbà ń lo bí ọdún mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, àgbà máa ń pẹ́ díẹ̀ lórí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n ń rí tà ju ti ọ̀dọ́ lọ.

Sùúrù ni o. Àlejò tó ti rẹ̀, tó ń bínú torí pé iná lọ, ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń wá. Ẹni tó ti tọ́ ọmọ, tó ti ń gba àlejò sílé láti ọdún yìí wá, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí a ṣe ń sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́."

N kò ní kí àgbà máa gbé àpótí àlejò gun àtẹ̀gùn o. Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì dán kálukú wò, kó fi í síbi tó yẹ ẹ́, kó yéé fi ọjọ́ orí ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ ro tiwa náà. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ orí wa kò bá wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Bí a bá kàwé tán, tí a sì ṣe agùnbánirọ̀ tán, ọ̀pọ̀ wa yóò ti súnmọ́ 30 yẹn. Ilẹ̀kùn tí a ń pàtẹ́wọ́ pé kí wọ́n tì mọ́ àgbà, àwa náà ni wọn yóò tì í mọ́.

Láti 1967 ni òfin ti wà ní Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó ti pé 40 ọdún, kí wọ́n má fi ọjọ́ orí dù ú níṣẹ́. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ní Àbújá. Gbogbo wa la ń gbàdúrà pé ká dàgbà, ká darúgbó. Ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ ara wa ba àdúrà náà jẹ́. Ire o.